Nígbà Tí Oyin Bá Kú Bí Ènìyàn: Títúmọ̀ Àdàpè Ikú láti Gẹ̀ẹ́sì sí Èdè Lituéníà

Ní Lituéníà, orílẹ̀-èdè kékeré kan tó wà létí Òkun Baltic ní ilẹ̀ Yúróòpù, ajá kì í kú bí ènìyàn ṣe ń kú. Bí ènìyàn bá kú, “mirti” ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Bí ajá, ẹṣin tàbí màlúù bá kú, ọ̀rọ̀ mìíràn ni: “gaišti”, tàbí “dvėsti” tó rorò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá gbé “dvėsti” fún ikú ènìyàn ti bú òkú, ó sì ti bú àwọn tó sin ín. Ṣùgbọ́n láàárín gbogbo ẹ̀dá tí kì í ṣe ènìyàn, ọ̀kan wà tí àṣà ilẹ̀ náà yọ sọ́tọ̀. Kòkòrò oyin ni. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń fi “mirti” sọ̀rọ̀ ikú oyin, àwọn àgbà a sì máa gbẹ́lẹ̀ sin oyin tó bá kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọ̀rẹ́, “bičiulis”, inú “bitė”, tí í ṣe oyin, ló ti jáde, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń fi oyin ṣe ọ̀sìn pọ̀ láyé àtijọ́ a máa di bí ọmọ ìyá.

Mo mú oyin ṣíwájú nítorí èrò kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń túmọ̀ èdè. A máa ń rò pé “kú” kan náà ni gbogbo ayé ń kú, pé aṣọ tí èdè kọ̀ọ̀kan fi bò ó nìkan ló yàtọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ògbufọ̀ ì bá má le: kó bọ́ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì, kó wọ ti Lituéníà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tí aṣọ ń bò pàápàá yàtọ̀ láti èdè kan sí èkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ ti ń kọsẹ̀.

Àdàpè kì í ṣe irọ́

Àdàpè ni kéèyàn fi orúkọ tó rọ̀ pe ohun tó le. Òwe wa kan ti bà á lórúkọ jẹ́ díẹ̀, èyí tó sọ pé àdàpè olè ni “ọmọ mi ń fẹ́wọ́”. Ìyá inú òwe yẹn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bo ìwà ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ kí ará àdúgbò gbà pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé ẹ̀tàn ni gbogbo àdàpè. Àdàpè ikú kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Bí wọ́n bá ní ọba wàjà, kò sí ọmọdé kan nínú ìlú tí yóò máa wá ọba lọ sórí àjà. Bí wọ́n bá ní bàbá papò dà, gbogbo wa la mọ̀ pé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbẹ́.

Ohun tí àdàpè ikú ń ṣe jọ ìkúnlẹ̀. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ pé ẹ káàárọ̀ àti èyí tó nàró kí i, ọ̀rọ̀ kan náà ló jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ìkúnlẹ̀ kò fi nǹkan kan kún ìtumọ̀ “ẹ káàárọ̀”. Ipò tí ìyá wà lójú ọmọ ló ń fi hàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “ó jáde láyé”, “ó ṣaláìsí”, “ó tẹ́rí gbaṣọ” ṣe ń ròyìn ikú kan náà, tí ìdúró ẹni tó ń sọ ọ́ sì yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdúró yẹn ni ògbufọ̀ ń túmọ̀. Bó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó gbàgbé ìdúró, orí ìnàró ló ti kí ìyá oníyàá.

Ohun tó wà nínú àpò Gẹ̀ẹ́sì

Àpò Gẹ̀ẹ́sì kún. Àwọn kan wà fún ẹkún: “pass away”, “pass on”, “no longer with us”, “we lost her”, “the late”. Àwọn kan wà fún ẹ̀fẹ̀, tí wọn kò ka òkú sí, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń lé ẹ̀rù jìnnà: “kick the bucket”, “bite the dust”, “push up daisies”, “six feet under”. Àwọn yòókù jẹ́ ti ọ́fíìsì àti ilé ìwòsàn, bí “deceased” àti “expired”, pẹ̀lú “put to sleep” tí dókítà ẹranko ń lò bó bá fẹ́ fún ajá ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn.

Ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. “Pass away” ti wà lẹ́nu wọn fún ohun tó lé ní 500 ọdún. “Kick the bucket” wà nínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro tí Francis Grose gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1785. Mo mẹ́nu ba ọjọ́ orí nítorí pé àdàpè ń gbó bí aṣọ ṣe ń gbó. Aṣọ tí wọ́n bá wọ̀ lọ sóko, wọ̀ lọ sọ́jà, wọ̀ sùn, kì í ṣe aṣọ ìmúròde mọ́. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó ń kọ̀wé sí báńkì pé bàbá òun “passed away” kò ronú nípa ìrìn àjò kankan, kò rí ọ̀nà, kò rí odò. Ó kàn ń yẹra fún “died” ni. Àdàpè tó ti gbó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó sì ṣe gbó tó jẹ́ apá kan ìtumọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ tó bá fi aṣọ òkè tuntun rọ́pò rẹ̀ ti ṣàṣejù.

Ọ̀rọ̀ gbangba pàápàá ju ọ̀kan lọ

Gẹ̀ẹ́sì ní “die” kan tó kárí gbogbo nǹkan: ènìyàn, ajá, igi, bátìrì fóònù. Yorùbá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ń kú, adìẹ ń kú, ọkọ̀ ń kú sójú ọ̀nà. Ní Lituéníà, kí ògbufọ̀ tó débi àdàpè rárá, ó gbọ́dọ̀ ti dáhùn ìbéèrè méjì: ta ló kú, báwo ló sì ṣe kú?

Ẹni tó kú sórí ibùsùn rẹ̀, “mirė” ni wọ́n máa kọ nípa rẹ̀, ìyẹn “mirti” nígbà tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ pa, tí omi gbé lọ tàbí tí ọta ìbọn bà, “žuvo” ni tirẹ̀, láti inú “žūti”. Ní òru ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1991, lẹ́yìn tí Lituéníà ti kéde òmìnira rẹ̀, àwọn ọmọ ogun Soviet ya bo òpó tẹlifíṣọ̀n tó wà ní Vilnius, olú ìlú wọn. Àwọn ará ìlú tí kò ní ìbọn lọ́wọ́ ti yí ibẹ̀ ká láti dáàbò bò ó, ènìyàn 14 sì ni ẹ̀mí wọn lọ sí i. “Žuvo” ni Lituéníà ń sọ nípa àwọn yẹn. “Mirė” kò ní tọ̀nà létí ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ó dà bí ìgbà tí àìsàn pa wọ́n. Bí ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan bá wá kọ ọ́ pé wọ́n “lost their lives”, tí òmíràn ní wọ́n “passed away”, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kí àwọn méjèèjì dà ní Lituéníà. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀rọ̀ bo ohun tó pa wọ́n. “Žuvo” kì í jẹ́ kó ṣeé bò.

“Dvėsti” tí mo ní ó jẹ́ èébú ní ìtàn tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Gbòǹgbò kan náà ni òun àti “dvasia” jọ ní, “dvasia” sì ni ẹ̀mí. Òun ni wọ́n fi ń pe Ẹ̀mí Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, “Šventoji Dvasia”. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni èémí, gẹ́gẹ́ bí “mí” àti “ẹ̀mí” ṣe so pọ̀ lẹ́nu tiwa. Ẹ̀ka kan gun orí pẹpẹ, ẹ̀ka kejì sọ̀ kalẹ̀ sí gàá ẹran. Nítorí náà, bí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 bá ní ẹnì kan “gave up the ghost”, Lituéníà ní èyí tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀, “atidavė dvasią”, ó yọ̀ǹda ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ túmọ̀ ohun tí òǹkọ̀wé kan fi ẹnu ọ̀tá sọ nípa òkú apàṣẹwàá, “nudvėsė” wà níbẹ̀ fún un, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àlùfànṣá. Gbòǹgbò kan, òpin méjì.

Ọ̀nà tí “pass away” ń gbà

Ọ̀rọ̀ ìṣe Lituéníà ń gbé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí iwájú, àfòmọ́ náà ló sì ń tọ́ka ibi tí ìrìn dojú kọ. “Eiti” ni lílọ. Fi “at-” ṣíwájú, ó di “ateiti”, wíwá. Fi “pra-” ṣíwájú, ó di “praeiti”, kíkọjá. Fi “iš-” ṣíwájú, ó di “išeiti”, jíjáde. Ògbufọ̀ tó bá di “pass” mú bí ẹni di okùn mú yóò kọ “praėjo”, ẹni tó bá kà á yóò sì rò pé ìyá àgbà gba iwájú ilé kọjá lọ sọ́jà. Jíjáde ló bá Lituéníà mu níbí, kì í ṣe kíkọjá. “Išėjo iš gyvenimo” ni pé ó jáde kúrò nínú ìgbésí ayé, ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá yóò gbà lójú ẹsẹ̀, nítorí “jáde láyé” ni. “No longer with us” náà kò ṣòro: “jos nebėra” ni pé obìnrin náà kò sí mọ́, bó ṣe wà nínú “ṣaláìsí” gẹ́lẹ́.

Èyí tó ga jù nínú wọn ni “iškeliavo anapilin”. “Kelias” ni ọ̀nà, “keliauti” ni ìrìn àjò, “iškeliavo” sì ni pé ó ti gbéra ìrìn àjò. Níbo ló ń lọ? Anapilis ni. “Anas” ni ti ọ̀hún lọ́hùn-ún, “pilis” ni ilé olódi tí àwọn ìjòyè ń gbé lórí òkè. Àwọn ìwé ìtàn tí wọ́n kọ láyé àtijọ́ sọ pé àwọn ará Lituéníà gbà pé òkè gíga kan wà tí òkú gbọ́dọ̀ gùn, nítorí náà bí wọ́n bá ń sun òkú ọlọ́lá, wọn a ju èékánná béárì àti ti ológbò igbó ńlá sínú iná pẹ̀lú rẹ̀, kó lè rí ohun fi di òkúta mú. Ní ọdún 1387 ni Lituéníà tó gba ìrìbọmi, Samogitia tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ sì gbà á lọ́dún 1413, lára àwọn tó kẹ́yìn pátápátá ní Yúróòpù. Sísun òkú pẹ̀lú èékánná ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́. Òkè náà kù sínú ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìparí “anapilin” náà. “-in” yẹn ni “wọ inú”, irú ìparí tí Lituéníà òde òní kì í sábà lò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nítorí pé ó ti di ti àtijọ́, ó ń dún bí ìlù àgbà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú “amžinybėn”, wọ inú ayérayé. Ẹni tó bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà tí ọmọ iléèwé kọ sí olùkọ́ láti gbàyè ti gbé agbádá wọ ọmọ ọdún 10.

Kí ló wá yẹ? Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: “My grandmother passed away on Tuesday.” Nínú lẹ́tà ọmọ náà, èmi yóò kọ “Antradienį mirė mano močiutė”: lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá mi àgbà kú. Ẹni tó ń ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò béèrè ibi tí àdàpè wọlẹ̀ sí. Kó kọ́kọ́ wo “mirė”. Lójú Gẹ̀ẹ́sì, “died” ṣófo, kò bu iyì fún ẹnikẹ́ni, ajá ń jẹ nínú rẹ̀. Ní Lituéníà, “mirė” ti ya ìyá àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran. Iyì ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá. Lẹ́yìn náà, kó wo “močiutė”. Ìparí “-utė” yẹn ń sọ nǹkan di kékeré àti ọ̀wọ́n, bíi kéèyàn gbá ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Bàbá àgbà náà ní tirẹ̀, “senelis”. Kódà ilẹ̀ tí wọ́n sin ín sí lè gba irú ìparí bẹ́ẹ̀: “žemė” ni ilẹ̀, “žemelė” ni ilẹ̀ ọ̀wọ́n, wọ́n sì máa ń tọrọ fún òkú pé kí “žemelė” fúyẹ́ lára rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń rọ ọ̀rọ̀ ìṣe. Lituéníà lè fi ọ̀rọ̀ ìṣe sílẹ̀ gbangba, kó sì fi ìfẹ́ sínú ọ̀rọ̀ orúkọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ máa ń bẹ̀rù pé àwọn pàdánù nǹkan bí àwọn bá fi ọ̀rọ̀ gbangba rọ́pò àdàpè, wọ́n á wá máa kó “anapilin” àti “amžinybėn” bo gbogbo ojú ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, “mirė” ni ìtumọ̀ “passed away”. Ìwé ìròyìn Lituéníà kì í lọ́ra láti fi í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé ìròyìn ikú olókìkí. Ìkéde ìbánikẹ́dùn wọn a máa dárúkọ “mirtis”, ikú, ní gbangba, kí wọ́n tó kí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọjọ́ orí ni wọ́n máa ń fi rìn: “eidamas 80-uosius metus mirė”, ó kú bó ṣe ń rin ọdún 80 rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o. Ẹni tó ń rin ọdún 80, ọdún 79 ló ti pé. Mo mọ̀ pé ojú lè yára fò ó, kí ọjọ́ orí òkú sì yí padà nínú ìtumọ̀.

Ohun tó sọnù, ohun tó pẹ́, ohun tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá

Àwọn àdàpè tó rọrùn jù lójú ló ń ṣe ni léṣe. “I lost my mother.” Ó kéré tán, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni Lituéníà ní fún “lose”. “Pamesti” ni kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lápò ẹni. “Prarasti” àti “netekti” ni kí ohun tó ṣe iyebíye kúrò lọ́wọ́ ẹni. Bí ògbufọ̀ bá kọ “pamečiau mamą”, ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ti yapa láàárín èrò ọjà nìyẹn, kó lọ máa wá a. “Netekau mamos” ló tọ́. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: ẹni tó sọ owó rẹ̀ nù kò jọ ẹni tó pàdánù ìyá rẹ̀.

“The late” tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pípẹ́ ni “late” ń sọ. “Pavėlavęs” ni ẹni tó pẹ́ dé síbi iṣẹ́, a ò sì lè pe òkú bẹ́ẹ̀. “Velionis” ni Lituéníà ń pe ọkùnrin tó ti kú, “velionė” bó bá jẹ́ obìnrin, gẹ́gẹ́ bí “olóògbé” tiwa. Ó bá “vėlė” tan, ọkàn òkú, èyí tí wọ́n fi sọ Vėlinės lórúkọ, ọjọ́ 2, oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀, ìdílé ìdílé ni wọ́n ń lọ sí itẹ́ òkú láti tan àbẹ́là. Ní Rasos, itẹ́ àtijọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Vilnius lọ́dún 1801, iná a máa bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà láti orí dé ìsàlẹ̀. Àwọn tó rò pé ẹ̀rù ikú ló ń mú kí èdè kan ní àdàpè púpọ̀, kí wọ́n wo àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn nu ewé kúrò lórí sàréè ìyá wọn lóru.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí wọ́n ń kọ ṣáájú orúkọ òkú nínú ìkéde: “a. a.” Ó dúró fún “amžiną atilsį”, ìsinmi ayérayé, láti inú àdúrà ìjọ Àgùdà. Létí ọmọ Lituéníà, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú “the late”. Irú ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ti rìn jìnnà. Ọdún 1547 ni Martynas Mažvydas tẹ ìwé àkọ́kọ́ ní èdè náà, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni. Láti 1864 sí 1904, ìjọba Rọ́ṣíà fòfin de títẹ ìwé Lituéníà ní álífábẹ́ẹ̀tì Látìn, àwọn ènìyàn wá ń ṣe fàyàwọ́ ìwé gba ẹnubodè wọlé, ìwé àdúrà sì wà lára ẹrù wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún òkú wà nínú ohun tí àwọn kan tìtorí rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

“Expired” kò gba àkókò. Bí ìwé ilé ìwòsàn Gẹ̀ẹ́sì bá ní aláìsàn “expired”, “mirė” ni. Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí wọ́n ń lò ó fún wàrà àti ìwé ìrìnnà, ó ti sọ ènìyàn di páálí wàrà. “Put to sleep” ní tirẹ̀ bára mu pátápátá, “užmigdyti”, tí wọ́n ń lò fún ajá tó ti rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni kéèyàn rẹ ọmọ sùn, nítorí náà kí ògbufọ̀ rí i dájú pé ajá ti fara hàn nínú gbólóhùn kó tó lò ó.

Korobá tí kò dé Lituéníà

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀, Mona Baker, onímọ̀ nípa ìtumọ̀ èdè, nínú ìwé rẹ̀ “In Other Words” tó jáde lọ́dún 1992, ka ọ̀nà tí ògbufọ̀ lè gbà mú àkànlò èdè. Ó lè rí èyí tí ìtumọ̀ àti àwòrán rẹ̀ bára mu. Ó lè rí èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ bára mu tí àwòrán rẹ̀ yàtọ̀. Ó lè ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba. Ó sì lè fò ó. “Kick the bucket”, ìyẹn kéèyàn ta korobá nípàá, bọ́ sí ọ̀nà kejì. Kò sí korobá nínú ikú Lituéníà. Ẹsẹ̀ ló wà níbẹ̀: “pakratė kojas”, ó gbọn ẹsẹ̀ jìgìjìgì, “užvertė kojas”, ó na ẹsẹ̀ sókè. Ṣíbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú: “padėjo šaukštą”, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí mo rí tábìlì, mo rí abọ́ ọbẹ̀ tó ṣì gbóná, mo rí ọwọ́ tó dẹ̀. Fún “six feet under”, “po velėna”, lábẹ́ koríko itẹ́, dára.

Wọn kò wúwo bákan náà. Àgbà lè fi ṣíbí tàbí ẹsẹ̀ sọ nípa ara rẹ̀ pé bí òun bá ti gbọn ẹsẹ̀, kí wọ́n má jà sí ilé òun. Ó dára lẹ́nu rẹ̀. “Atmetė kanopas”, ó ju pátákò dànù, mú ènìyàn wọ agbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá lò ó nípa ọkọ opó ní iwájú opó yóò gbọ́ ohun tí etí rẹ̀ kò fẹ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá fi “kick the bucket” sẹ́nu ẹnì kan nínú ìwé ìtàn, ohun tó yẹ kí ògbufọ̀ béèrè ni bóyá ó fẹ́ràn òkú tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, kó tó mọ̀ bóyá ṣíbí ni tàbí pátákò.

Ìdánwò tó le jù tí mo mọ̀ ni ti odídẹrẹ́. Lọ́dún 1969, àwọn aláwàdà Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, nínú èyí tí ọkùnrin kan gbé òkú odídẹrẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á. Ẹni tó tà á kò gbà pé ẹyẹ náà ti kú, oníbàárà wá ń da àdàpè sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìgboro, ti ọ́fíìsì. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé aṣọ òkú ènìyàn ló ń wọ̀ fún ẹyẹ. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ gbangba tó fi bẹ̀rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹyẹ àti ènìyàn jọ ń lò ó. Ní Lituéníà, bó bá ti la ẹnu, ó ti yan ẹ̀gbẹ́. Bí ògbufọ̀ bá fi “mirė” sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹyẹ ti di ènìyàn kí àwàdà tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdàpè tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì ní ibi tí wọ́n máa gùn mọ́. Lójú mi, “nugaišo”, ọ̀rọ̀ ẹran, ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde, kí oníbàárà wá máa gbé òkú ẹyẹ náà ga ní ìpele ìpele, títí yóò fi gbéra ìrìn àjò lọ sí Anapilis. Lọ́nà yìí, Lituéníà lè rí ẹ̀rín kan tí Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò ní.

Ikú tó jẹ́ obìnrin

Gẹ̀ẹ́sì a máa ya ikú bí ọkùnrin egungun tó gbé dòjé ńlá dání, “the Grim Reaper”, wọ́n sì ń pè é ní “he”. “Mirtis” jẹ́ ọ̀rọ̀ abo nínú gírámà Lituéníà, Giltinė tó sì ń wá mú ènìyàn nínú ìtàn àbáláyé wọn jẹ́ obìnrin. Ìwé tí ikú ti jẹ́ bàbá tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò fún ògbufọ̀ ní wàhálà ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Ó lè ní láti wá orúkọ akọ fún un, tàbí kó gbà kí bàbá di ìyá. Bí ọ̀rọ̀ bá kàn kan ikú tó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí Giltinė wọlé.

Orúkọ rẹ̀ wá láti inú “gelti”, títa ènìyàn ní oró. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń lò fún ohun tí oyin ń ṣe. Mo sì ronú nípa ògbufọ̀ kan tí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀sìn oyin fún láti Gẹ̀ẹ́sì, ìwé tí kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ọ̀fọ̀. Yóò bá “dead bees” pàdé nínú rẹ̀, pé kí olóko gbá wọn kúrò nínú ilé oyin lẹ́yìn òtútù. Ẹni tó kọ ọ́ kò ní àdàpè kankan lọ́kàn. Ìdọ̀tí ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Agbo oyin tó ń gbé inú ilé kan, “bičių šeima” ni Lituéníà ń pè é, ìdílé oyin. Bí ògbufọ̀ náà bá sì jẹ́ ọmọ ilé tí wọ́n ti ń fi oyin ṣe ọ̀sìn, ọwọ́ rẹ̀ yóò dúró díẹ̀, yóò wá kọ ọ́ sílẹ̀: “mirusios bitės”, àwọn oyin tó ti kú, ní ọ̀rọ̀ kan náà tí yóò lò fún ìyá rẹ̀.